Bátìrì ọkọ̀ ilé mi kò pé ọdún méjì tó fi kú. Ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn?

Arìnká
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará ọ̀nà. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí, àmọ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa dá sí i nìyí.

Ọkọ̀ ilé wa jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò fà. Bátìrì méjì ló wà níbẹ̀, 6V ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n so wọ́n léra di 12V. Deep cycle olómi ni wọ́n, irú tí wọ́n ṣe kí a lè máa lo iná rẹ̀ jìn kí a tún kún un, wọ́n kọ 225Ah (Ah ni iye iná tó lè gbà pamọ́) sí wọn lára. Tuntun ni mo rà wọ́n ní oṣù 19 sẹ́yìn, ìrìn-àjò márùn-ún péré la sì tíì fi ọkọ̀ náà rìn láti ìgbà náà. Àwọn oṣù yòókù, ńṣe ló dúró jẹ́ẹ́ nínú àgbàlá, mi ò so iná kankan mọ́ ọn.

Ìrìn-àjò tó kọjá yìí, gílóòbù LED mẹ́rin àti fáànù kékeré kan la lò mọ́jú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mítà kà 11.6V, ẹ̀rọ tó ń ti omi wá sí ẹnu ẹ̀rọ ń kérora bí arúgbó. Mo so ọkọ̀ mọ́ iná ibùdó fún wákàtí mẹ́rin, mo yọ ọ́, mítà kà 13.1V, inú mi dùn. Alẹ́ ọjọ́ kejì, nǹkan kan náà ló tún ṣẹlẹ̀.

Ẹni tó tà á fún mi ní ọdún méjì náà ni bátìrì ń lò, kí n wá ra òmíràn. Ẹlòmíì ní kí n ju olómi nù, kí n lọ ra lithium. Ẹ jọ̀ọ́, ọdún mélòó ló yẹ kí irú bátìrì yìí lò? Èmi ni mo jẹ̀bi ni àbí bátìrì?

Bàbá Wáyà
Ẹ káàbọ̀, Arìnká. Ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹni tó fẹ́ tún tà á fún yín gbọ́ tán.

Wọn ò kọ ọjọ́ ikú sára bátìrì. Irú èyí tó wà lọ́wọ́ yín, irú èyí tí wọ́n ń lò nínú ọkọ̀ pápá gọ́ọ̀fù, bí wọ́n bá tọ́jú rẹ̀ dáadáa, ọdún márùn-ún sí méje kì í ṣe ìyanu. Bátìrì 12V tí wọ́n kọ “marine” sí lára, ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń bá dé. Ìyẹn kì í tiẹ̀ ṣe deep cycle pátápátá. Àárín méjì ló wà: pléètì rẹ̀ nípọn ju ti bátìrì tí ń sítáàtì mọ́tò lọ, ṣùgbọ́n kò nípọn tó ti deep cycle gidi. Bí ẹ bá rí bátìrì tí wọ́n kọ CCA (agbára tó fi ń sítáàtì mọ́tò nínú òtútù) sí lára gàdàgbà, tí Ah sì nira láti rí, ẹ ti mọ ohun tí wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ṣe é.

Èmi fúnra mi ti pa bátìrì tuntun láàárín oṣù mẹ́jọ rí. Mo gbé ọkọ̀ pamọ́, gílóòbù kan ń tàn nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí mi ò mọ̀. Nítorí náà, kì í ṣe ẹ̀bi ni mò ń wá. Ẹ dá mi lóhùn nǹkan mẹ́ta: ìgbà wo lẹ wo omi inú rẹ̀ kẹ́yìn? Kí ló kù tó ń fa iná nígbà tí ọkọ̀ wà nílẹ̀? 13.1V tí ẹ kà yẹn, báwo ló ṣe pẹ́ tó lẹ́yìn tí ẹ yọ ọ́ kúrò lórí iná?

Tẹ̀lé-Ọ̀nà
Ọdún méjì kẹ̀? Tèmi ti wọ ọdún keje, ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Àṣírí rẹ̀ ò ju pé mi ò yọ ọ́ kúrò lórí iná láéláé. Bí ọkọ̀ bá ti wọlé báyìí, mo ti so ó mọ́ iná. Ó parí.

Ìyá Ọlọ́kọ̀
Tẹ̀lé-Ọ̀nà, kò parí o. Ohun tó gbè yín ló pa tèmi.

Ọkọ̀ wa àtijọ́, ṣájà tó bá a wá láti ilé iṣẹ́ kò mọ̀ ju nǹkan kan lọ: 13.7V láàárọ̀, 13.7V lálẹ́, bátìrì ìbáà ti kún, ìbáà ṣófo. Odindi ìgbà òtútù kan ni mo fi so ó mọ́ iná, mo rò pé ìtọ́jú ni mò ń ṣe. Nígbà tí mo ṣí i, omi ti gbẹ kọjá orí pléètì nínú mẹ́rin nínú ihò mẹ́fà tí à ń bu omi sí. Bí ṣájà bá ń ti iná sínú bátìrì tó ti kún, omi ló ń fọ́ sí gáàsì, gáàsì á sì bá ihò jáde. Kò sí ẹni tó rí i, kò sí ariwo.

Ṣájà òde òní tó ní ìpele mẹ́ta ni kì í jẹ́ kí irú èyí ṣẹlẹ̀. Á kọ́kọ́ ti iná púpọ̀ sí i, á gbé e lọ sí nǹkan bí 14.4 sí 14.8V, á dì í mú níbẹ̀ títí bátìrì á fi kún, lẹ́yìn náà á sọ̀ kalẹ̀ sí nǹkan bí 13.2V láti máa ṣọ́ ọ. Mo fẹ́ gbà pé irú ẹ̀ ni Tẹ̀lé-Ọ̀nà ní. Ẹni tí kò bá mọ irú tirẹ̀, kó gbé mítà lé orí bátìrì lẹ́yìn ọjọ́ méjì tó ti so ó mọ́ iná. Bó bá ṣì ń kà ju 13.5V lọ nígbà tí ojú ọjọ́ kò tutù, kó má fi ojú rẹ̀ kúrò lára omi.

Tẹ̀lé-Ọ̀nà
Ìyá, òtítọ́ lẹ sọ, mo ti pààrọ̀ ṣájà tèmi lọ́dún àkọ́kọ́, mo gbàgbé láti sọ. Mo sì máa ń bu omi sí i lóṣooṣù.

Òòrùn-Lówó
Gbogbo èyí ni mo sá fún tí mo fi lọ sí lithium. Kò sí omi, kò sí ásíìdì, kò sí òórùn. LiFePO4 oní-100Ah méjì ni mo gbé sí i. Ọ̀kan nínú wọn kò tó kílò 14, nígbà tí 6V kan nínú tiyín ń lọ sí nǹkan bí kílò 28. Nínú 225Ah tiyín, bí 110 péré lẹ lè lò kí ara tó máa ni ín. Èmi lè lo ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 200 láìsí wàhálà. Ẹgbẹ̀rún méjì ìgbà, ó tún lè ju bẹ́ẹ̀ lọ, lẹ lè lò ó tán kí ẹ tún fi iná kún un. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ ní ìdajì fún oṣù mẹ́ta, kò ní ṣe é ní nǹkan kan, kódà bó ṣe fẹ́ gan-an nìyẹn.

Arìnká, ẹ ra lithium, kí ẹ sinmi.

Bàbá Wáyà
Òòrùn-Lówó, èmi náà fẹ́ràn lithium, àmọ́ ẹ má ta ẹṣin fún un láìsọ pé ó ń tàpá.

Àkọ́kọ́, kò gbọdọ̀ gba iná nígbà tí inú rẹ̀ bá tutù tó 0°C tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lílò ò kan tibẹ̀, fífi iná kún un ni mò ń sọ. Bátìrì tó dára ní BMS, pátákó inú rẹ̀ tó ń ṣọ́ ọ, tó máa gé iná fúnra rẹ̀. Èyí tí kò ní, ẹ ó bà á jẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo. Ẹlẹ́ẹ̀kejì, bí mọ́tò bá ń fi iná sí i lójú ọ̀nà, lithium máa ń mu iná bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ, alternator, ẹ̀rọ tó ń pèsè iná nínú mọ́tò, tí kò mọ irú èyí rí á gbóná dé ibi tó máa jóná. Ẹ nílò DC-DC charger láàárín, èyí tó ń díwọ̀n iná tó ń kọjá. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ṣájà àtijọ́ tó wà nínú ọkọ̀ lè má bá a mu. Ẹlẹ́ẹ̀kẹrin, mítà lásán kò lè sọ fún yín iye tó kù nínú rẹ̀, torí yálà ó kù púpọ̀ ni o tàbí ó kù díẹ̀, bí 13.1 sí 13.3V náà ni á máa kà. Ẹ ó ní láti ra ẹ̀rọ tó ń ka iye iná tó wọlé àti iye tó jáde.

Bí kò bá tíì mọ ohun tó pa ti àkọ́kọ́, nǹkan kan náà ló máa pa lithium olówó ńlá.

Òòrùn-Lówó
Mo gba ìyẹn, Bàbá, yàtọ̀ sí ìkẹyìn. Nǹkan tó pa tirẹ̀, mo fẹ́ fi ohunkóhun ta á pé sulfate tó ń le mọ́ pléètì ni. Lithium kì í ní sulfate.

Bàbá Wáyà
Kì í ní in lóòótọ́. Àmọ́ bí nǹkan kan bá ń fa iná rẹ̀ títí BMS fi pa á, tó wá wà bẹ́ẹ̀ fún oṣù mẹ́rin, ẹ wá sọ bó ṣe máa jí fún mi.

Arìnká
Ẹ ṣeun gan-an. Ojú ń tì mí láti dáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́. Mo ṣí i lónìí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo ti wo ó látìgbà tí mo ti rà á. Nínú ihò mẹ́fà, orí pléètì ti yọ síta nínú méjì, méjèèjì nínú bátìrì kan náà. Ẹnìkan ládùúgbò ní kí n ra ásíìdì, kí n fi kún un, pé òun ló máa “jí i”. Mo ti ra á sílé, mi ò tíì dà á sí i.

Wákàtí kan lẹ́yìn tí mo yọ ọ́ kúrò lórí iná ni mo ka 13.1V yẹn. Rárá, irọ́ ni mo pa, kò tó wákàtí kan. Mo kà á lójú ẹsẹ̀.

Ọ̀dọ́ Rewáyà
ẸGBỌ́N, Ẹ MÁ DA ÁSÍÌDÌ YẸN SÍ I O!!

Ásíìdì kì í fò lọ. Omi nìkan ló ń lọ, nítorí náà omi nìkan lẹ máa dá padà, omi distilled. Omi ẹ̀rọ àti omi kànga ní èròjà tó máa ń lẹ̀ mọ́ pléètì. Bí ẹ bá da ásíìdì sí i, ẹ ti mú un le ju bó ṣe yẹ lọ, á máa jẹ pléètì, hydrometer, ohun tí wọ́n fi ń wọn bí ásíìdì inú omi ṣe le tó, á tún máa purọ́ fún yín pé ó kún. Ẹni tó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, kò sí bó ṣe máa mọ òótọ́ bátìrì yẹn mọ́.

Báyìí ni ẹ máa ṣe é. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà àti awò tó bo ojú. Ẹ má mu sìgá, ẹ má tan iná nítòsí, torí gáàsì haidirójìn tó ń jáde níbẹ̀ lè bú gbàù. Ẹ fi baking soda tí ẹ pò mọ́ omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ásíìdì bá ta sí nǹkan. Bó bá kan ara tàbí ojú, omi púpọ̀ ni kí ẹ fi ṣàn án, kì í ṣe sódà. Ẹ kọ́kọ́ bu omi sí ihò méjì tí pléètì ti yọ, kó ṣáà bo pléètì, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wá so ó mọ́ ṣájà títí yóò fi kún. Ìgbà tó bá kún tán lẹ máa wá bu omi dé ibi tó yẹ, bíi mìlímítà 3 sísàlẹ̀ ọ̀nà ọ̀fun ihò náà. Bí ẹ bá kún un dé ẹnu kó tó gba iná, omi inú rẹ̀ á wú, á ṣàn jáde, ásíìdì lẹ ń dà nù yẹn.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ra hydrometer. Kò wọ́n rárá, ó sàn ju mítà lọ fún bátìrì olómi, torí mítà ń ka àròpọ̀ ihò mẹ́ta tàbí mẹ́fà, hydrometer ń wo ihò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ihò tó kún dáadáa á kà bí 1.265 sókè díẹ̀. Ìdajì, nǹkan bí 1.190. Bí ihò kan bá fi ohun tó ju 0.050 lọ rẹlẹ̀ sí àwọn yòókù, ihò yẹn ló ní àìsàn.

Gbọ́ngbọ́n
Ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún ti 13.1V yẹn, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń tàn jẹ.

Bátìrì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí ṣájà dà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde nídìí oúnjẹ, ẹ kò lè mọ̀ bóyá ó yó. Iná tó wà lójú pléètì nìkan lẹ ń kà. Ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí mẹ́fà ó kéré tán, kí ohunkóhun má fa iná rẹ̀, mọ́jú ló dára jù, kí ẹ tó gbé mítà sí i. 12.6 sí 12.7V, ó kún. 12.4V, ó kù bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. 12.1 sí 12.2V, ìdajì. Bó bá ti sún mọ́ 11.9V, ó ti tán, ohun yòówù tó bá ṣì ń tàn nínú ọkọ̀.

Wákàtí mẹ́rin lórí iná ibùdó kò sì lè kún 225Ah tó ti tán. Ìdá mẹ́rin àkọ́kọ́ nínú márùn-ún máa ń yá. Ìkárùn-ún tó kù ló ń gba ọ̀pọ̀ wákàtí, torí bátìrì fúnra rẹ̀ kì í fẹ́ gbà á kíákíá, ó máa ń gbà á díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá ń já ṣájà ní àárín, ìkárùn-ún yẹn ni kò ní kún láéláé, ibẹ̀ sì ni sulfate ti ń kó ara rẹ̀ jọ.

Ẹ wo ìṣirò tiyín: gílóòbù LED mẹ́rin àti fáànù kékeré kan, ká ní amp 2.5 ni gbogbo rẹ̀, ní wákàtí mẹ́wàá, 25Ah ni. Ìdá kan nínú mẹ́sàn-án ni. Bátìrì tó kún, tí ara rẹ̀ sì yá, kò gbọ́dọ̀ já lulẹ̀ sí 11.6V nítorí ìyẹn.

Ìbéèrè kejì Bàbá Wáyà lẹ ò tíì dáhùn. Ẹ pa gbogbo nǹkan, ẹ tú wáyà négétíìfù kúrò lórí bátìrì, ẹ gbé mítà sí ipele amp 10, kí ẹ fi í sáàárín wáyà náà àti orí bátìrì. Ẹ má tan ẹ̀rọ omi tàbí inverter nígbà tí mítà bá wà níbẹ̀, fíúsì inú mítà á já.

Tẹ̀lé-Ọ̀nà
Kí ẹ má sì gbé e sórí kọnkéré tí ẹ bá yọ ọ́! Kọnkéré máa ń fa iná jáde nínú bátìrì.

Ìyá Ọlọ́kọ̀
Àgbàlagbà ọ̀rọ̀ nìyẹn, Tẹ̀lé-Ọ̀nà. Ìgbà tí àpótí bátìrì ṣì jẹ́ igi tàbí rọ́bà tí omi lè gbà kọjá ni wọ́n ń sọ ọ́. Pílásítíìkì ni ti òde òní, kọnkéré kò lè ṣe é ní nǹkan kan. Ohun tó ń jẹ iná bátìrì tó wà lórí kọnkéré ni pé ẹni tó gbé e síbẹ̀ gbàgbé rẹ̀ fún oṣù mẹ́fà. Bátìrì olómi máa ń pàdánù iná fúnra rẹ̀, bí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ooru ó máa ń yára sí i.

Arìnká
Mo ti dé o. Mo kọ́kọ́ dá ásíìdì yẹn padà.

Mo bu omi bí Ọ̀dọ́ Rewáyà ṣe sọ, mo yá ṣájà onípele mẹ́ta lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi, mo fi í sórí iná fún ọjọ́ kan àti òru kan, mo jẹ́ kó sinmi mọ́jú. Mítà kà 12.45V lórí méjèèjì pọ̀. Hydrometer wá sọ̀rọ̀:

Bátìrì kìíní: 1.265, 1.260, 1.265.
Bátìrì kejì: 1.225, 1.230, 1.150.

Mo wá wọn iná tó ń jáde. Mo pa gbogbo nǹkan, mo tẹ súwíìṣì “òpin ìlò” tó wà lẹ́nu ọ̀nà, mo rò pé mítà á kà òdo. Amp 0.8! Mo ń yọ fíúsì kọ̀ọ̀kan títí mo fi rí wọn: ẹ̀rọ tó ń gbóòórùn gáàsì, pátákó fíríìjì, àti rédíò tí a kò tiẹ̀ lò rí.

Gbọ́ngbọ́n
Àwọn apànìyàn dé! 0.8 ní ìlọ́po 24, 19Ah lójúmọ́. Ọjọ́ mẹ́fà, bátìrì ti dé ìdajì. Kó tó pé ọjọ́ 12, ó ti tán. Ọ̀sẹ̀ mélòó ni ọkọ̀ máa ń wà nílẹ̀ láàárín ìrìn-àjò méjì?

Arìnká
Nígbà mìíràn oṣù mẹ́ta.

Ọ̀dọ́ Rewáyà
Ẹ ò gbọ́ o. Bí iná bá ń tán nínú bátìrì, ásíìdì á wọ pléètì lára, á di sulfate. Bí ẹ bá tètè dá iná padà, sulfate rírọ̀ yẹn á yọ́ padà sínú omi. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ ní òfìfo fún oṣù méjì ààbọ̀, á le bí òkúta, apá ibi tó bá bò lára pléètì kò ní ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹ̀mẹrin, ẹ̀marùn-ún ni ẹ ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún wọn. Kí bátìrì kìíní tún lè ka 1.265 lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, mo kí ẹni tó ṣe é. Bó bá sì jẹ́ ibi tí omi ti máa ń dì ni, òtútù ni ì bá pa wọ́n: bátìrì tó kún kì í dì àfi kó tutù kọjá bí -60°C, èyí tó ti tán lè dì kó tó dé -10°C, àpótí rẹ̀ á là.

Ṣé ṣájà tí ẹ yá yẹn ní bọ́tìnnì equalize? Ẹ gbìyànjú rẹ̀ kí ẹ tó ju kejì nù. Á gbé volt lọ sí bíi 15.5 sí 16, á mú omi inú rẹ̀ hó díẹ̀, sulfate tí kò tíì le jù lè yọ́. Ẹ tú wáyà ọkọ̀ kúrò lára bátìrì ná, torí àwọn pátákó inú ọkọ̀ kò fẹ́ volt tó tó bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣe é níta gbangba, ẹ máa ka hydrometer ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Bí kíkà kò bá gòkè mọ́ fún wákàtí méjì mẹ́ta, ẹ dáwọ́ dúró. Bí ó bá ń rùn bí ẹyin jíjẹrà, tàbí tó gbóná débi tí ọwọ́ kò gbà á, ẹ pa á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Àdìgún
Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè ṣe equalize yìí fún AGM tèmi, bátìrì tí wọ́n dé pa yẹn? Ó ti pé ọdún mẹ́rin, kò pẹ́ mọ́.

Ọ̀dọ́ Rewáyà
Rárá o. AGM àti gel, wọ́n ti dé ọ̀fun wọn pa. Omi tí ẹ bá hó jáde níbẹ̀ kò sí ọ̀nà tí ẹ fi máa dá a padà. Ẹ lo volt tí ẹni tó ṣe é kọ sínú ìwé rẹ̀, kí ẹ má fi nǹkan kan kún un. Ọdún mẹ́rin fún AGM, ó lè ti tó àkókò náà.

Òòrùn-Lówó
Ẹnìkan máa tó sọ pé ẹ má jẹ́ kí olómi lọ sísàlẹ̀ ìdajì láéláé. Ẹ jẹ́ kí n gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ yín: ẹ má jẹ́ kó lọ sísàlẹ̀ ìdajì láéláé.

Bàbá Wáyà
Mi ò gbà. Ìdajì kì í ṣe òfin, ìṣirò ni. Bí ẹ bá ń lò ó jìn, iye ìgbà tí ẹ máa lò ó á dín kù. Bí ẹ bá ń lò ó fẹ́ẹ́rẹ́, iye ìgbà á pọ̀. Nígbà tí ẹ bá ṣírò gbogbo Ah tó jáde títí tó fi kú, ìyàtọ̀ rẹ̀ kò tó bí àwọn èèyàn ṣe rò. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí òtútù mú, mo ti lo tèmi dé ìdá mẹ́ta tó kù nínú mẹ́wàá, mo kún un padà lọ́jọ́ kejì, kò sí ohun tó ṣe é. Pé kó lọ sísàlẹ̀ kò burú tó pé kó PẸ́ nísàlẹ̀. Ẹ kọ ìyẹn sílẹ̀.

225Ah náà, orí wákàtí 20 ni wọ́n ti kà á, ìyẹn bí amp 11 lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá fi inverter tan maikirowéèfù, tó ń fa amp 100 lọ, ẹ kò ní rí 225 yẹn rárá.

Arìnká
Mo ṣe equalize ní wákàtí márùn-ún. Bátìrì kejì: 1.255, 1.255, 1.175. Ihò kẹta kọ̀ jálẹ̀, kò gòkè mọ́ láti wákàtí kẹta. Kí ni kí n ṣe, ọ̀kan ni kí n rà ni tàbí méjì?

Ìyá Ọlọ́kọ̀
Méjì. Bátìrì tuntun tí wọ́n so mọ́ ògbó, ògbó ló máa fà á sẹ́yìn. Nígbà tí ògbó bá ti ń tán, tuntun á ṣì ní iná, a ó sì máa fa iná lára ògbó kọjá òfìfo.

Bàbá Wáyà
Bó bá ti pé ọdún mẹ́rin, màá gbà pẹ̀lú yín, Ìyá. Oṣù 19 ni o, kìíní sì ka bí 1.265 nínú ihò mẹ́ta. Èmi á ra ọ̀kan ṣoṣo, ẹni tó ṣe é kan náà, irú kan náà, Ah kan náà. Àmọ́ kó kọ́kọ́ dán kìíní wò: kó kún un, kó fi gílóòbù tó mọ iye amp rẹ̀ fa iná rẹ̀ fún wákàtí mélòó kan, kó wo Ah tó jáde kó tó dé ìdajì. Hydrometer lè sọ pé ásíìdì dára, kò lè sọ iye pléètì tó kù tó ń ṣiṣẹ́. Bó bá jáde sí ohun tó sún mọ́ 100Ah, kó ra ọ̀kan. Bó bá jẹ́ 60, Ìyá ló jàre.

Kó tún wo àkọlé tí wọ́n tẹ̀ mọ́ tuntun náà lórí kó tó sanwó. Ọ̀pọ̀ ló ń fi álífábẹ́ẹ̀tì sọ oṣù àti nọ́ńbà sọ ọdún tí wọ́n ṣe é. Bátìrì tó ti jókòó lórí pẹpẹ fún oṣù mẹ́wàá láìsí iná, ó ti bẹ̀rẹ̀ àìsàn kó tó dé ilé yín.

Arìnká
Mo dán an wò bí ẹ ṣe ní. Ó jáde sí bíi 95Ah. Ọ̀kan ni mo rà, oṣù tó kọjá ni wọ́n ṣe é. Mo ti ra súwíìṣì ńlá tí mo máa fi sórí wáyà bátìrì fúnra rẹ̀, kí amp 0.8 yẹn má rí ibi gbà mọ́ nígbà tí ọkọ̀ bá wà nílẹ̀. Mo tún ra pánẹ́ẹ̀lì sólà oní-100W àti olùdarí rẹ̀, mo máa so wọ́n mọ́ bátìrì gan-an, kí súwíìṣì má gé wọn. Ṣé nǹkan kan wà tí mo gbàgbé?

Gbọ́ngbọ́n
Ẹ ti ṣe dáadáa. Nǹkan méjì. Bí ẹ bá fẹ́ sùn nínú ọkọ̀, ẹ rí i pé súwíìṣì wà ní títàn, torí ẹ̀rọ tó ń gbóòórùn gáàsì wà nínú ohun tó ń pa.

Èkejì, tí àwọn èèyàn máa ń gbàgbé: wáyà bíréékì pàjáwìrì, èyí tó máa di táyà ọkọ̀ ilé mú bó bá já kúrò lẹ́yìn mọ́tò lójú ọ̀nà. Bátìrì ilé ló ń fún un níná. Bí ẹ bá so ó sẹ́yìn súwíìṣì, tí ẹ wá gbàgbé láti tan súwíìṣì kí ẹ tó gbéra, ẹ kò ní bíréékì pàjáwìrì. Orí bátìrì gan-an ni kí ẹ so ó mọ́, pẹ̀lú fíúsì tirẹ̀ tàbí èyí tó ń dá ara rẹ̀ padà.

Arìnká
Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ wo ibi tí mo ti sàmì sí pé mo máa fi súwíìṣì náà sí. Ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an ni wáyà náà máa bọ́ sí. Mo ti gbé àmì náà kúrò, mo máa so wáyà yẹn mọ́ orí bátìrì kí n tó fa ọkọ̀ jáde lọ́jọ́ Sátidé.